"Ilé Yìí Kì Í Ṣe Títà": Àyẹ̀wò Àkọlé Ara Ògiri Kan

Nínú gbogbo ohun tí a ń kọ ní èdè Yorùbá, gbólóhùn kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà lójoojúmọ́ láìra ìwé, láìwọ ilé-ìwé. Ara ògiri ni a ń kọ ọ́ sí. Ẹni tí ó bá ti Ìkòròdú lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀ ní etí ọ̀sà lè rí i lára ilé alámọ̀ àtijọ́, kí ó rí i lára ilé bíríkì tí kò tí ì ní fèrèsé, kí ó sì tún rí i lára ọgbà tí kò yí nǹkan kan ká ju koríko lọ: ILE YI KII SE TITA. A kì í fi àmì ohùn sí i. Ọ̀dà pupa tàbí dúdú ni a fi ń kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ a sì máa tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ tí ń sáré yóò rí i kà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ní àárọ̀ àti ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí olùkọ́ bi wọ́n léèrè ohun tí ó túmọ̀ sí. Ìbéèrè náà kò rọrùn bí ó ti rí lójú.

Ọ̀nà mẹ́ta ni gbólóhùn náà ń gbà jáde ní èdè wa. Èkíní ni "Ilé yìí kò sí fún títà". Egungun Gẹ̀ẹ́sì ni eléyìí. Ẹran ara nìkan ni Yorùbá. "This house is not for sale" ni ó wà lọ́kàn ẹni tí ó kọ ọ́, ó sì ń mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi òmíràn dí àyè rẹ̀ títí ó fi dé òpin. Àgbàlagbà tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì lè gbọ́ "kò sí", kí ó sì máa wo ilé tí ó dúró gbọingbọin níwájú rẹ̀. Èkejì, "Ilé yìí kì í ṣe títà", sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. A ń sọ nípa èso kan pé kì í ṣe jíjẹ, a sì ń sọ nípa ọ̀rọ̀ kan pé kì í ṣe sísọ. Ìwà ohun náà ni irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ń sọ, kì í ṣe ìfẹ́ inú ẹni tí ó ni ín. Ẹ̀kẹta, tí kò wọ́pọ̀, ni "A kì í ta ilé yìí". Ohùn èèwọ̀ ni. "A kì í" ni àwọn àgbà fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ òwe àti ìkìlọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti èdè nìkan ni, òun ni ì bá gba ipò kìíní.

Ṣùgbọ́n ta ni "a"? Níbi yìí ni àìlera àkọlé náà ti hàn. Kò ní olùsọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn a ó rí i ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé àṣẹ ẹbí ni, ṣùgbọ́n a kò ní rí orúkọ ẹnì kan nínú ẹbí náà. Ẹ jẹ́ kí a fi í wé ààlè, nítorí pé ààlè ni bàbá rẹ̀ nínú àṣà wa. Àgbẹ̀ tí ó di igi ìdáná sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà a máa fi àkísà, tàbí ṣúkù àgbàdo, tàbí ìkarahun ìgbín kọ́ ọ lórí. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá rí i mọ̀ pé ohun náà ní olówó, ó sì mọ̀ pé ibi ń bẹ níwájú ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án. Olè láti òde ni ààlè ń bá wí. Àkọlé ara ògiri náà dàbí ẹni pé àjèjì láti òde ni òun náà ń bá wí: ẹ má fi owó yín ṣòfò, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí ń fi ilé onílé lu jìbìtì. Bẹ́ẹ̀ ni a ń kà á, kò sì ṣàìjẹ́ òtítọ́. Àmọ́, ta ni yóò mú àjèjì wọ inú ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, tí yóò fi yàrá hàn án, tí yóò sọ ìtàn bàbá àgbà fún un, tí yóò sì gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Nígbà púpọ̀, ọmọ ilé ni. Ẹbí tí ẹnu rẹ̀ kò tíì yapa kò nílò ọ̀dà. Ní ojú pópó ni a dojú ọ̀rọ̀ náà kọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sùn lẹ́yìn ògiri náà gan-an ni a ń bá sọ ọ́. Ààlè tí a fi lé ọmọ onígi lọ́wọ́ ni.

Láyé àtijọ́ kò sí ìdí fún irú àkọlé yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ "tà" kì í bá "ilẹ̀" rìn. A ń fún àlejò ní ilẹ̀, àlejò sì ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ní 1912, níwájú ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Ẹlẹ́sì ti Odògbolú sọ pé ẹbí ńlá kan ni ó ni ilẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ ni ó wà láàyè, àwọn tí a kò tíì bí kò sì lóǹkà. Bí a bá gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, kò sí ẹgbẹ́ ènìyàn kankan tí ó lè pé jọ láti ta ilé, nítorí pé àwọn tí ó pọ̀ jù nínú àwọn olóhun kò lè wá sí ìpàdé. Nígbà tí ẹjọ́ Olóyè Olúwa ti Èkó, Amodu Tijani, lórí ilẹ̀ Àpápá dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1921, àwọn adájọ́ gbà pé àwùjọ, abúlé tàbí ẹbí ni ilẹ̀ jẹ́ tiwọn ní ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Èkó ti bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1861 ni ìwé ilẹ̀ ti dé, ìwé sì ti fún "tà" ní àyè tí kò ní tẹ́lẹ̀.

Àwọn ilé-ẹjọ́ kò fi òwe dá ọ̀rọ̀ náà. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, 1959, fi ìlà kan sílẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ àkọlé mọ̀. Bí olórí ẹbí bá ta ohun ẹbí láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí mọ̀, títà náà dúró títí àwọn tí a kò bá gbèrò yóò fi mú ẹjọ́ lọ kí a tó fagi lé e. Bí àwọn yòókù bá tà á láìsí olórí ẹbí, a kò tà á rárá, ìbáà jẹ́ pé ẹni tí ó rà á ti kọ́ òrùlé tuntun sí i. Ẹ wo bí "kì í ṣe títà" ti kéré tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí! Èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún ìyàtọ̀ náà: "ó tà, ṣùgbọ́n a lè dá a padà" yàtọ̀ sí "kò tà". Àkọlé náà kò lo ìkankan nínú wọn. Ó ń sọ ohun tí a kì í ṣe, nígbà tí òfin sì ti ń sọ ẹni tí ó lè ṣe é, àti pẹ̀lú àwọn ta ni. Ohun mìíràn sì wà tí ọ̀pọ̀ ẹbí kò fẹ́ rántí: láti ìgbà ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní 1908 ni ilé-ẹjọ́ ti gbà pé, lẹ́yìn ikú dáwódù, ọmọ tí ó dàgbà jù tẹ̀ lé e ni olórí ẹbí, ìbáà ṣe obìnrin. Ọmọbìnrin tí a ti fi fún ọkọ ní Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe àlejò nínú ilé bàbá rẹ̀ ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá ń ná an.

Bí a bá wá fi ohùn kan tà á ńkọ́? Ìjà kò parí. Ó kàn yí padà sí ìṣirò ni. Ká sọ pé bàbá kan fẹ́ ìyàwó méjì, tí ìyàwó àgbà bí ọmọ kan, tí ìyàwó kejì bí márùn-ún, tí a sì ta ilé rẹ̀ ní mílíọ̀nù 36 náírà. Bí a bá pín in ní ìdí-igi, mílíọ̀nù 18 ni ọmọ kan ṣoṣo yẹn yóò gbà, ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú márùn-ún yòókù yóò sì gba mílíọ̀nù mẹ́ta àti ọ̀kẹ́ mẹ́ta lọ́nà mẹ́wàá. Bí ó bá ṣe orí-ò-jorí ni, mílíọ̀nù mẹ́fà mẹ́fà ni. Ọ̀ràn irú èyí ni ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, lórí ohun ìní ọkùnrin kan tí ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ fi ìdí-igi múlẹ̀ ní 1958, Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí i ní 1962. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò yìí yóò mọ ìdí tí ọmọ kan fi ń kígbe pé kí a tà, tí èkejì sì fi ń ra ọ̀dà.

Kò yẹ kí a rò pé gbogbo ẹni tí ó fẹ́ tà ni ọ̀dàlẹ̀. Ilé ẹbí mìíràn wà tí òjò ń rọ̀ sí nínú, tí kò sí ẹni tí yóò san owó páánù, nítorí pé ẹni tí ó bá tún un ṣe kò ní ìpín tí ó ju ti ẹni tí kò ṣe nǹkan kan lọ. Àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ ni aláìní jù nínú ẹbí. Àwọn tí ó lówó ti kọ́ tiwọn sí ibòmíràn. Nígbà mìíràn, ohun tuntun kan ṣoṣo tí ó wà lára irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àkọlé náà. Ìrírí Èkó sì wà níbẹ̀. Láti 1955 ni ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé láàárín ìlú, tí a sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Súrùlérè. Peter Marris, tí ó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1961, fi hàn pé ohun tí ó fọ́ kì í ṣe ògiri nìkan: àwọn tí ó ti ń rí ara wọn lójoojúmọ́ di ẹni tí ń san owó ọkọ̀ kí wọ́n tó kí ara wọn. Ìjọba ni ó gba ilé tiwọn. Ẹbí tí ó bá fúnra rẹ̀ tà yóò pàdánù ohun kan náà, owó ni yóò sì fi rọ́pò rẹ̀. Owó náà sì lè rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Àkọlé náà kò jẹ́ kí a gbé ọ̀ràn méjèèjì yìí sórí òṣùwọ̀n. Ó ti ti ilẹ̀kùn kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí kò ṣeé fojú fò. Yorùbá ni a fi ń kọ̀ láti ta ilé. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń tà á. Lọ́yà ni ó ń kọ ìwé àdéhùn, lọ́nà tí akọ̀wé pàápàá kò fi gbọ́ ọ tán, a ó sì wá ògbufọ̀ kan tí yóò là á yé ìyá arúgbó kí ó tó tẹ̀ka. Nínú ìwé yẹn ni orúkọ gbogbo ènìyàn wà, àti ipò wọn nínú ẹbí, àti ọjọ́, àti iye, àti ẹlẹ́rìí. Ìwé tí ń ta ilé pé pérépéré. Ọ̀rọ̀ tí ń dá a dúró kò ní orí, kò ní ìrù. Kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ìwé ni ó ń borí.

Èdè wa lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹbí kan bá fẹ́ kọ nǹkan sára ògiri, ó lè kọ ọ́ báyìí: "Ilé àwọn ọmọ Lágbájá ni èyí. A kò tà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, kí ó béèrè lọ́wọ́ dáwódù, àti lọ́wọ́ àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, lọ́kùnrin lóbìnrin." Lẹ́yìn náà, kí a kọ orúkọ wọn tẹ̀ lé e. Yóò gba ọ̀dà jù, ẹbí náà yóò sì ní láti pé jọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó lè fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ tí yóò wà níbẹ̀.