Afọ́jú Tó Wá Ìmọ̀ Dé Ẹnu Ọ̀nà Ilé-Kéwú Wa

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, gbogbo wa là ń ka Súúrà Àbásà. Afọ́jú ni Abdullahi ọmọ Ummu Maktum tí súúrà náà tìtorí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìmọ̀ ló wá gbà lọ́dọ̀ Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a), nígbà tí Ànábì ń bá àwọn gbajúmọ̀ Kùráéṣì sọ̀rọ̀. Òun náà ló di ládàánì pẹ̀lú Bìlálì, tí Ànábì sì ń fi ṣe adelé sí Mẹ̀dínà.

Ẹ wá wo ilé-kéwú tiwa. Ọmọ tí kò ríran bá dé, “Jókòó síbẹ̀ yẹn, máa gbọ́.” Ó parí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ wàláà, òun ń mi orí. Òótọ́ ni pé etí lèèyàn fi ń há Kùráánì, ṣé etí nìkan náà ni yóò fi kọ́ náhàwù? Kùráánì tí wọ́n fi bùréèlì tẹ̀, tí ìka ń kà, wà láyé. Mélòó nínú àwọn mọdirasa wa ló ní ẹyọ kan?

Láti 1962 ni ìjọ Kátólíìkì ti dá ilé-ìwé Pacelli sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú ní Sùúrùlérè. Tí ọmọ wa bá lọ sírú ibẹ̀, a ó máa pariwo pé wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ lé e?

Ní January 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó ka yíya àwọn aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ léèwọ̀. A kò gbọ́ ọ lórí mínbárì. Aṣọ wòlímọ̀ là ń gbọ́, iye tí wọ́n ń tà á.