Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ́kọ́ Wò Ó: Lórí Àwọn Fọ́tò Rótìmí Fani-Káyọ̀dé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti ń sọ láàrin ara wa láti ọjọ́ pípẹ́ wá, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fi ojú kàn. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin bíi tirẹ̀ àti obìnrin tí ń fẹ́ obìnrin bíi tirẹ̀, pàápàá jù lọ ti àwọn oníṣẹ́-ọnà tó wà láàrin wọn. Bí a bá dá a sílẹ̀ níbi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ pé jọ sí, apá kan yóò pariwo, apá kejì yóò dákẹ́, kò sì ní sí ẹni tí yóò béèrè pé iṣẹ́ wo gan-an ni à ń jà lé lórí. Èmi kò kọ ìwé yìí láti bá ẹnikẹ́ni jà. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni mo fẹ́ ṣe, ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà sì ni pé kí a kọ́kọ́ wo nǹkan dáadáa kí a tó sọ ohun tí a rí.

Ní ọdún Àjíǹde tí a ṣe kẹ́yìn, mo lọ sí ilé ìyá mi ní Aisegba-Èkìtì. A jẹ iyán tán, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni àbúrò mi kan bá kà á láti inú fóònù rẹ̀ pé sinimá tí ọmọ Yorùbá kan, Babatunde Apalowo, ṣe gba ẹ̀bùn Teddy ní Berlin ní ọdún 2023. Irú sinimá tó bá sọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn tí mo wí yìí ni wọ́n ń fún ní ẹ̀bùn náà. Ìtàn ọkùnrin méjì ní Èkó ni Apalowo sì sọ. Kíá ni ilé dàrú. Àbúrò mi ní ẹni tó bá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe Yorùbá mọ́. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní àṣà òyìnbó ni, ẹ̀bùn òyìnbó náà ló sì tọ́ sí i. A jà á títí, kí n tó béèrè pé ta ló ti wo sinimá yìí nínú wa. Kò sí ẹnì kan. Èmi alára kò tíì wò ó. Mo bá wọ yàrá lọ, mo mú ìwé àwòrán kan tí mo gbé wálé jáde nínú àpò mi. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, èyí wà lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wò ó.”

Àwọn fọ́tò Rótìmí Fani-Káyọ̀dé ló wà nínú ìwé náà. Èkó ni a bí Rótìmí sí ní 1955, ṣùgbọ́n ará Ilé-Ifẹ̀ ni ìdílé rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Olóyè Rẹ̀mí Fani-Káyọ̀dé, ti ṣe igbákejì Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní 1966, ìdílé náà kó lọ sí England. Ọmọ bí ọdún 11 ni Rótìmí nígbà náà. Ó kàwé ní Washington àti ní Pratt Institute ní New York, ó sì padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1983. Nǹkan bí ọdún mẹ́fà péré ló fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìwé rẹ̀, Black Male/White Male, jáde ní 1988. Ọdún yẹn náà ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn ayafọ́tò aláwọ̀ dúdú sílẹ̀, èyí tí ń jẹ́ Autograph, òun sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó kú ní oṣù December 1989, ní ẹni ọdún 34, nípa àìsàn tó jẹ mọ́ àrùn Éèdì. Kò fi pamọ́ pé ọkùnrin ni òun ń fẹ́. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta ni òun gbà jẹ́ àlejò láàrin ènìyàn: nínú ọ̀ràn ìfẹ́, nínú jíjìnnà sí ilé àti àṣà ilé, àti ní ti pé òun kò di oníṣẹ́ pàtàkì tó gbéyàwó, bí àwọn òbí òun ti ń retí.

Fọ́tò tí a kọ́kọ́ ṣí ni èyí tó yà ní 1987, tó pe orúkọ rẹ̀ ní Sonponnoi. Ọkùnrin kan wà níhòòhò, a kò rí orí rẹ̀. A ti fi ẹfun àti ọ̀dà kùn ún tóótòòtó lára, ó sì mú àbẹ́là tó ń jó dání níwájú abẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. Bàbá tíṣà yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, tí kò sì wọ ilé ìwé rí, gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Olóde ló bá a jà.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Ó ní ṣé ó kú ni. Mo ní ẹni tó ya àwòrán náà ló ti kú, ọmọ Ifẹ̀, ẹni ọdún 34. Ó mi orí, ó ní, “Irú wọn nìyẹn, a kì í jẹ́ kí ìyá wọn sunkún.”

Mo ti ka ohun tó pọ̀ díẹ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ lórí àwọn fọ́tò yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n gbólóhùn màmá yìí ló là mí lójú jù lọ. Láyé àwọn bàbá wa, a kì í ṣàdédé pe orúkọ Ṣọ̀pọ̀nná ní gbangba. Olóde, Ilẹ̀ẹ́gbóná, Ọbalúayé là ń pè é. Ẹni tó bá pa, a kì í sunkún rẹ̀. Ńṣe là ń dúpẹ́ kí ìbínú má baà lé sí i. Àwọn àwòrò rẹ̀ ló ń gbé òkú lọ sin, wọ́n a sì kó ẹrù òkú lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de ìsìn náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 1980 pé ìgbóná ti tán láyé. Ọdún méje lẹ́yìn ìkéde yìí ni Rótìmí tún pe òrìṣà náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí ló pè é sí? Àrùn mìíràn ti dé tí àwọn ènìyàn kò fẹ́ dárúkọ, tí wọ́n ń sọ pé ẹni tó pa ló fà á sí ara rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ẹbí sì ń sin òkú rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Ìtìjú nìkan ni ayé ń fi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nínú èdè tó fi sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 11 ni Rótìmí ti rí ọ̀nà mìíràn: òrìṣà tó ń bá ni jà, tó sì jẹ́ pé òun kan náà là ń bẹ̀ fún ìwòsàn. Ibi tí gbogbo ayé ń nàka sí pé ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ wà, ibẹ̀ ló gbé iná sí. Lójú tèmi, iná ìsìn ni, kì í ṣe iná ẹ̀sín.

Ẹ kíyè sí orúkọ fọ́tò náà pẹ̀lú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ Sonponnoi fún olùkọ́ wa, yóò gba òdo. Ṣùgbọ́n báyìí ni ọmọ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ létí nílé, tí kò sì dúró láti kọ́ bí a ti ń kọ ọ́, ṣe máa ń kọ ọ́. Mo ka àṣìṣe yẹn sí ara iṣẹ́ náà. Ó fi bí ọ̀nà ti jìn tó hàn wá.

Àwíjàre bàbá tíṣà ni pé ìhòòhò kò sí nínú iṣẹ́-ọnà ọmọlúwàbí. Mo bi í bóyá ó mọ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní ìhà ibẹ̀! Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a bí i sí, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀, tí kò jìnnà sí Aisegba, ló gbé, níbi tó ti ń gbẹ́gi fún ọba títí ó fi kú ní 1938. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá Wembley ní 1924, tó sì wà ní British Museum di òní. Ọlọ́wẹ̀ yìí kan náà gbẹ́ obìnrin tó kúnlẹ̀ níhòòhò tó gbé igbá, kò sì sí ẹni tó pè é ní oníwà ìbàjẹ́, nítorí a mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni, ìdúró ẹni tí kò fi nǹkan kan pamọ́ fún òrìṣà. Bàbá tíṣà ronú, ó ní, “Igi kì í ṣe ẹran ara. Ẹni tí a ya fọ́tò rẹ̀, ó ní ìyá.” Ọ̀rọ̀ gidi nìyí, n kò sì lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ohun tí mo lè sọ ni pé nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò rẹ̀ Rótìmí bo ojú ènìyàn, ó gé orí kúrò nínú àwòrán, tàbí ó fi agọ̀ wọ̀ wọ́n, bí ẹni tó mọ̀ pé ará ọ̀run kì í ṣí ojú sílẹ̀.

Fọ́tò kan wà tí èmi pàápàá kò lè gbèjà rẹ̀ tán. Bronze Head ni, ti 1987. Ọkùnrin kan tó wà níhòòhò fẹ́ jókòó lé orí idẹ Ifẹ̀. Ìdí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan là ń rí. Àwọn kan ní ńṣe ló dà bí ẹni pé ọkùnrin náà ń bí orí ọba, pé ayafọ́tò ń sọ pé irú òun náà lè jẹ́ orísun Ifẹ̀. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n orí ni orí ń jẹ́. Láti 1938 tí a ti wú àwọn orí idẹ wọ̀nyí nílẹ̀ ní agbolé Wúnmọníjẹ̀, a kò rí ohun mìíràn tó fi bẹ́ẹ̀ sọ ẹni tí a jẹ́ fún ayé. Ẹni tó bá fi ìdí kọ orí, kó mọ̀ pé àlàyé gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, fọ́tò náà kò sì fún wa ní àlàyé tó. Ó fẹ́ bà wá lẹ́rù ju bó ti fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ lọ. Inú bí bàbá tíṣà gidigidi sí i, mo sì sọ fún un pé òun nìkan ló rí fọ́tò yẹn bó ṣe rí. Òyìnbó tó ń yìn ín nítorí ẹwà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tíì mọ ohun tí ọmọ Ifẹ̀ yìí dán wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ pé àṣà òyìnbó ni. Òfin tó sọ irú ìfẹ́ yìí di ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń tìtorí rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e kalẹ̀ fún wa ní 1916. Ní 1967 wọ́n dín tiwọn kù nílé. Ní 1988, ọdún tí ìwé Rótìmí jáde, wọ́n tún ṣe òfin mìíràn tí kò jẹ́ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wọn gbé ọ̀rọ̀ náà lárugẹ. 2003 ni wọ́n tó fagi lé e ní England. Ní January 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tiwa: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ọdún 10 fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó kópa nínú rẹ̀. Ní 2020, àjọ tó ń yẹ sinimá wò kìlọ̀ ẹ̀wọ̀n fún àwọn obìnrin méjì tó ṣe sinimá Ìfé, Pamela Adie àti Uyaiedu Ikpe-Etim. Orúkọ Yorùbá ni sinimá náà ń jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń wá ohun òyìnbó nínú ọ̀ràn yìí, kí a wò ó dé inú ìwé òfin pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n n kò ní torí èyí purọ́ mọ́ àwọn bàbá wa. Àwọn kan ti fi ẹlẹ́gùn Ṣàngó, ọkùnrin tó ń di irun bí obìnrin tí a sì ń pè ní ìyàwó òrìṣà, ṣe ẹ̀rí pé àṣà yìí ti wà nílé. Ẹ̀rí náà kò dúró. Ohun tí ẹlẹ́gùn ń sọ ni bí ènìyàn ti ń tẹrí ba fún òrìṣà. Kò sọ ẹni tó ń bá sùn fún wa. Ohun tó fi hàn kò ju pé èdè àti ìsìn wa gbòòrò ju bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rò lọ.

Nígbà tí àbúrò mi tún sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe Yorùbá mọ́, Ìyá Àgbà dá a lóhùn pé ọmọ kì í burú títí kí a lé e fún ẹkùn pa jẹ. Ó yẹ kí a gbọ́ òwe yìí dáadáa. Àánú wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti sọ pé ọmọ náà burú ná. Èmi kò bẹ̀bẹ̀ àánú fún Rótìmí, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìwà rẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn. Ohun tí mo ń béèrè kéré sí èyí, ó sì le jù ú lọ: kí a ka iṣẹ́ rẹ̀ bí a ti ń ka iṣẹ́ ọmọ Yorùbá mìíràn, kí a yìn ín níbi tó ti ṣe é re, kí a bá a wí níbi tó ti kù díẹ̀ káàtó.

Àwa tí à ń pe ara wa ní ẹgbẹ́ èdè Yorùbá, gbèsè wà lọ́rùn wa. Orúkọ tí a ní fún àwọn ènìyàn yìí nínú èdè wa kò ju èébú lọ. N kò ní kọ ọ́ síhìn-ín. Lórí ọmọ Ifẹ̀ tó pe Ṣọ̀pọ̀nná ní Lọ́ńdọ̀nù, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tí mo kà. Mo bẹ àwọn olùkọ́ wa kí wọ́n fi àwọn fọ́tò yìí sínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọnà, kí wọ́n sì jẹ́ kí a fi Yorùbá jiyàn lé wọn lórí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀ mí lójú, ààyè ń bẹ fún un nínú ìwé ìròyìn yìí. Kó ṣáà kọ́kọ́ wò ó.