Ìrù Gbólóhùn

Àwọn ọ̀gá tó ń gé téèpù ní ilé-iṣẹ́ rédíò láyé ìjọ́sí ni mo kà sí olùkọ́ àgbà nínú iṣẹ́ gígé ohùn sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń gé e fún. Abẹ ni wọ́n ń lò. Lórí téèpù tó ń sáré ínǹṣì 7.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá gùn tó ínǹṣì 0.75: ó ṣeé fọwọ́ wọ̀n. Wọn a máa fọwọ́ yí rọ́ọ̀lù náà síwá sẹ́yìn títí etí yóò fi sọ ibi tí ohùn tán sí gan-an, wọn a sì gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí ojú ibẹ̀ má baà ta.

Ibi tí ohùn tán sí yìí ni àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá gé ohùn kì í rí. Ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n ń wá. Ohun tó bá ti rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n tí a fún wọn lọ, òfìfo ni lójú wọn. Bẹ́ẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ tó bá parí gbólóhùn Yorùbá kì í dúró sójú kan. Sísọ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀, agbára rẹ̀ a sì máa tán lọ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di èémí lásán. Ẹ wo “Ó wà.” Nítorí ohùn òkè tó ṣáájú rẹ̀, òkè ni “wà” ti gbéra, ó wá ń yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ gé ìrù yẹn kúrò, ohun tó ṣẹ́ kù sétí àlejò èdè kò jìnnà sí “Ó wa”, bí ìgbà tí a ń sọ ti awakọ̀.

Àwọn kan á ní, ṣebí kí a kàn fi ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá kún ìparí gbogbo ègé. Iṣẹ́ ojú ayé nìyẹn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kíákíá kì í dúró tó bẹ́ẹ̀ láàárín gbólóhùn méjì. Orí gbólóhùn kejì ni ẹ ó bá nínú ègé àkọ́kọ́. Àwọn mìíràn á ní akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ọ̀rọ̀ tó yí i ká mọ ìtumọ̀. Ọ̀rọ̀ wo? Àwa náà la ti gé e dànù. Ègé yẹn nìkan ló kù fún un, yóò sì máa gbọ́ ọ lórí Anki, ètò káàdì àtúnyẹ̀wò, títí àṣìgbọ́ yóò fi mọ́ ọn lára. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni ti àwọn tó ń lo ẹ̀rọ tó ń to ọ̀rọ̀ kíkọ mọ́ ohùn. Mo gbà pé ó yá, ó sì dára fún gígé àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí àkọsílẹ̀ tí a fún un kò bá ní àmì ohùn, bí ọ̀pọ̀ èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti ní, “wa” àti “wà” kò yàtọ̀ lójú rẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò mú un dúró de ìrù náà.

Orí gbólóhùn rọrùn díẹ̀. Bí gbólóhùn wa ṣe ń gùn, ohùn òkè tó bá tẹ̀lé ti ìsàlẹ̀ kì í sábà ga tó èyí tó ti kọjá. Bí olùsọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ òmíràn, yóò tún gbé ohùn sókè. Ibẹ̀ ni kí ẹ gé, ì báà má sí ìdákẹ́jẹ́ kankan. Ètò kọ̀ǹpútà Praat, tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Amsterdam, máa ń ya ìlà ìlọsókè-sódò ohùn yìí síta, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní ìrù, ìlà náà sábà máa ń já, etí ló kù. Bí èémí olùsọ̀rọ̀ bá bá a wọlé, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń fọ èémí kúrò kí ègé lè mọ́ tónítóní ló ń fọ ìrù lọ pẹ̀lú rẹ̀.