Bátànì, Adùn àti Ìdájọ́: Àyẹ̀wò Ohun tí Ó Mú Kí Fíìmù Àgbéléwò Yorùbá Máa Wu Òǹwòran

Ìfáàrà

Kì í ṣe ohun tuntun mọ́ pé àwọn alámèétọ́ a máa fi ẹ̀sùn kan fíìmù àgbéléwò Yorùbá pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn: ẹni tí ó bá ti wo mẹ́wàá ti wo ọgọ́rùn-ún. Òtítọ́ wà nínú ẹ̀sùn yìí, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí tí àwọn òǹwòran ní Muṣin, Yábàá àti Sùúrùlérè fi ń padà sídìí ìtàn tí wọ́n ti mọ òpin rẹ̀. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àtúnlò bátànì kọ́ ni àléébù àwọn fíìmù wọ̀nyí. Ẹni tí bátànì náà máa ń dá lẹ́bi ni ó yẹ kí alámèétọ́ yẹ̀ wò.

Bátànì náà

Ọmọ rere kan yóò máa jìyà. Ìyakọ tàbí orogún ni yóò wà nídìí ìyà náà. Wọn yóò wá babaláwo tàbí wòlíì lọ. Mégáàdì tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ kan yóò máa pa wá lẹ́rìn-ín. Orin yóò máa ṣàlàyé ohun tí ojú kò tíì rí, ọfọ̀ yóò sì pàdé ọfọ̀. Níkẹyìn, ìkà yóò fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Yorùbá nìkan kọ́ ni ó ń ṣe báyìí. Àwọn ará Tamil ní gúúsù Íńdíà náà ní irú fíìmù bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní masala, èyí tí í ṣe orúkọ àpòpọ̀ èròjà ọbẹ̀: ijó, ìjà, ẹ̀rín àti ẹkún nínú ìkòkò kan ṣoṣo. Nínú Baashha (1995), Rajinikanth ṣe awakọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, irú èyí tí à ń pè ní kẹ̀kẹ́ Marwa ní Èkó, tí ó fi ìgbésí ayé rẹ̀ àtẹ̀yìnwá pamọ́. Òǹwòran mọ̀ pé àṣírí rẹ̀ yóò tú. Ìgbà tí yóò tú ni wọ́n ń dúró dè.

Orísun adùn rẹ̀

Ìdúródè yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọmọ tí ó ń gbọ́ àlọ́ mọ̀ pé Ìjàpá yóò tẹ́. Ọ̀nà tí yóò gbà tẹ́ ni ó fẹ́ gbọ́. Nígbà tí Fádèyí Olóró bá yọ nínú Àrélù ti Jímọ̀h Àlíù lórí tẹlifíṣàn, kò sí ẹni tí ó ń béèrè bóyá yóò pe ọfọ̀. Èwo ni yóò pè ni ìbéèrè. Wándé Abímbọ́lá ti fi hàn pé ìhun ẹsẹ Ifá lè ní ìpín mẹ́jọ, síbẹ̀ a kò torí rẹ̀ sọ pé ẹsẹ Ifá kan náà ni gbogbo wọn.

Bákan náà ni Jenifa (2008), tí Fúnkẹ́ Akíndélé kó ipa aṣáájú nínú rẹ̀. Ìtàn ọmọ oko tí ó dé yunifásítì tí ojú rẹ̀ sì là sódì ti pẹ́ nílẹ̀. Ohun tí ó tuntun ni èdè rẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń fọ́ lẹ́nu Sùlíá bí ó ti ń gbìyànjú láti di ọmọ ìgboro. Inú bátànì àtijọ́ ni ẹ̀rín tuntun yìí ti jáde.

Ta ni bátànì ń dá lẹ́bi?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú Ayé (1979) ti Hubert Ògúnǹdé, àjẹ́ ni ọ̀tá tí babaláwo Ọ̀ṣẹ́túrá ń bá jà. Nígbà tí fídíò gbòde, àkọlé Àjẹ́ Ni Ìyá Mi (1989) ti dájọ́ kí a tó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ. Kò sí ìjàpá tí ìyà jẹ nítorí àlọ́, ṣùgbọ́n arúgbó obìnrin, opó àti àgàn ń gbé ládùúgbò wa. Ìjẹ́wọ́ tí ó máa ń parí fíìmù kì í ṣe ẹ̀rí: òǹkọ̀wé ni ó fi sí wọn lẹ́nu. Òǹwòran tí ó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejìlélógún lè gbàgbọ́ pé ẹ̀sùn nìkan ti tó.

Èyí kò pọn dandan. Ṣaworoidẹ (1999), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ tí Túndé Kèlání sì darí, lo àwọn èròjà kan náà: ìlù, orin, awo, àti ọmọ olóyè tí ó padà wá sílé. Ṣùgbọ́n ọba olójúkòkòrò Lápité àti sọ́jà Lágàta ni wọ́n dá lẹ́bi, ìwà wọn sì ti hàn sí wa kí ìdájọ́ tó dé. Bátànì kò yí padà. Ẹni tí ó wà lórí àga ẹlẹ́jọ́ ni ó yí padà.

Ìgúnlẹ̀

Orí YouTube, lára fóònù, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń wo fíìmù wọ̀nyí báyìí. Bí olùkọ́ bá fi wọ́n ṣẹ̀sín, akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wò wọ́n láìsí ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà. A dábàá pé kí olùkọ́ mú wọn wọ kíláàsì pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta: Níbo ni bátànì yìí ti wá? Kí ni olùdarí eré yìí fi kún un? Ta ni ó dá lẹ́bi, ẹ̀rí wo ni a sì rí yàtọ̀ sí ìjẹ́wọ́ onítọ̀hún? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti kọ́ láti bi fíìmù ní ìbéèrè kẹta yìí yóò lè béèrè rẹ̀ ládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú, lọ́jọ́ tí wọ́n bá nawọ́ sí ìyá arúgbó kan.