Ẹ̀kọ́ Darwin ní Kíláàsì Wa: Àgbàdo, Ibà àti Ẹ̀jẹ̀



Ìwé báọ́lọ́jì tí àwọn ọmọ wa ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùrẹ́ fi ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC ní ẹ̀kọ́ kan nínú, lórí bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Lamarck wà níbẹ̀, Darwin wà níbẹ̀, ọrùn àgùnfọn náà kò gbẹ́yìn. Ọmọ á há a sórí, á kọ ọ́ sílẹ̀, ó parí. Ẹ bi í léèrè lẹ́yìn ìdánwò, gbólóhùn kan péré ló máa ń kù lẹ́nu rẹ̀: "Wọ́n ní ọ̀bọ ló bí wa." Àbùkù ẹ̀kọ́ náà nìyẹn.

Darwin kò sọ pé ọ̀bọ tí à ń rí lónìí ló bí ènìyàn. Ìnàkí wà nínú igbó ọba ní Ìsẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wí ni pé àwa àti òun ní baba ńlá kan náà, kí ọ̀nà tó pín ní nǹkan bí mílíọ̀nù 6 sí 7 ọdún sẹ́yìn. Mọ̀lẹ́bí ni, kì í ṣe baba.

Ìwé tí Darwin tẹ̀ jáde ní 1859 pàápàá, ọ̀rọ̀ ohun ọ̀sìn àti ohun ọ̀gbìn ló fi bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ Èkìtì wo ni èyí ṣàjèjì sí? Àgbàdo tó yọmọ dáadáa là ń so rọ̀ sí àjà fún irúgbìn. Èyí tó kù, a ó jẹ ẹ́. Bó bá pẹ́, àgbàdo oko náà á yàtọ̀. Darwin ní ayé náà ń ṣa irúgbìn, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń fọwọ́ ṣà á: ẹ̀dá tí ara rẹ̀ bá ibùgbé rẹ̀ mu ló ń pẹ́, òun ló ń bímọ jù.

Ẹ wo ti ibà. Chloroquine pa kòkòrò ibà títí, àwọn díẹ̀ tí kò ràn ló ṣẹ́kù, àwọn ló sì ń bí sí i. Ní 2005, ìjọba àpapọ̀ fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ti ẹ̀jẹ̀ ló wúwo jù. Ní 1954, Allison fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ AS ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà líle. Ìdí nìyí tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà fi jẹ́ AS. Ṣùgbọ́n bí AS méjì bá fẹ́ra, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS. Ẹ̀yin babaláwo, ẹ mọ iye òbí tó ti gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá pé àbíkú ni. N kò ní gbogbo àbíkú ni SS o. Mo ní ọmọ tó bá kọ́ èyí ní kíláàsì yóò mọ ohun tó yẹ kó béèrè kó tó fẹ́yàwó tàbí lọ́kọ.

Ẹjọ́ kò sí lọ́rùn tíṣà nìkan. Àwọn kan nínú wa ní Ifá ti sọ ti Darwin tipẹ́. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, torí Ọbàtálá ló mọ ènìyàn. N kò bá ọ̀kankan lọ. Ìtàn Ọbàtálá àti Àjàlá ń sọ ẹni tó ni wá àti orí tí a yàn. Ẹ̀kọ́ yìí ń sọ bí ara ṣe ń yí padà. Ìbéèrè méjì ni.

Kí tíṣà fi àgbàdo àti AS ṣáájú Lamarck. Kí àwa náà, bí ọkọ àti ìyàwó ọ̀la bá wá dífá ìgbéyàwó, béèrè ìwé jínótáìpù wọn kí ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó kanlẹ̀.

Kí Ọ̀rúnmìlà gbè wá o.