Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Kọ̀ǹpútà Awà-níbi-gbogbo, Àgbékalẹ̀ Ìkànnì àti Ẹ̀kọ́ Gíga ní Agbègbè Ọ̀nà Liverpool, Àpápá

Ìfáàrà

Ọ̀nà Liverpool ní Àpápá jẹ́ ọ̀kan lára àwọn òpópónà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà lọ sí èbúté Èkó. Orúkọ ìlú èbúté kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń jẹ́. Ajégúnlẹ̀, àdúgbò tí onírúurú ẹ̀yà Nàìjíríà jọ ń gbé, kò jìnnà sí i. Ibẹ̀ ni òwò àgbáyé àti ìgbé-ayé mẹ̀kúnnù ti ń fara kan ara wọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀kọ́ gíga ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ojú títì ni àpilẹ̀kọ yìí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé inú ọkọ̀ èrò, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àti orí ibùsùn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ka ìwé lórí fóònù báyìí. Kókó rẹ̀ ni pé wíwà tí ẹ̀rọ wà níbi gbogbo kò sọ pé ó ti bá ẹni tí ó ń lò ó mu. Níbi tí kò bá sì ti bá a mu, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń san gbèsè náà.

Èrò Weiser àti Àléébù Rẹ̀

Mark Weiser, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní ilé ìwádìí Xerox PARC ní Kalifóníà, ni ó gbé èrò kọ̀ǹpútà awà-níbi-gbogbo kalẹ̀ ní ọdún 1988. Ní ọdún 1991, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún aráyé nínú ìwé àtìgbàdégbà Scientific American. Ohun tí ó sọ ni pé kọ̀ǹpútà kò ní jókòó sórí tábìlì nìkan mọ́. Yóò wọ inú ògiri àti ohun èlò gbogbo, títí ènìyàn yóò fi máa lò ó láìronú kàn án. Ìmọ̀ ìkọ̀wé ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó bá mọ̀wé kà kì í dúró ronú kí ó tó ka orúkọ òpópónà. Bí ojú rẹ̀ bá ti bà lé e, ó ti yé e.

Èrò yìí jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àléébù. Ó dà bí ẹni pé ó gbà pé iná kì í lọ, pé ìsopọ̀ ayélujára kì í já, àti pé èdè tí ẹ̀rọ ń sọ ni ẹni tí ó ń lò ó gbọ́. Ní Ajégúnlẹ̀, a kì í gbàgbé ẹ̀rọ. Ẹni tí ó mú un dání ń ro iye iná tí ó kù nínú bátìrì, iye dátà tí ó rà, àti ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lè dára. Ẹ̀rọ wà níbi gbogbo lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fara sin.

Ètò ní Ojú Títì

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ akẹ́rù fi tò bẹẹrẹ sórí afárá àti òpópónà Àpápá. Ọ̀nà Liverpool kò yọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún 2021, àjọ ìjọba tí ó ń mójú tó àwọn èbúté Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìlànà orí ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Ètò. Ọlọ́kọ̀ yóò forúkọ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, yóò sanwó, yóò sì dúró ní ibùdó tí a fọwọ́ sí títí wọn yóò fi pè é. Fóònù wá di adènà èbúté.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ náà bá ọ̀rọ̀ mu, nítorí pé àìsí ètò wà lára ohun tí ó fa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìlànà náà sì dín ìlà ọkọ̀ kù ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn awakọ̀ kò dẹ́kun àròyé nípa owó tí wọ́n ní à ń gbà lọ́wọ́ àwọn lọ́nà àìtọ́ lójú pópó. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún olùgbékalẹ̀ ìkànnì ni pé iṣẹ́ rẹ̀ kò parí sí ojú fóònù. Ojú títì, ẹnu ibodè àti ènìyàn tí ó dúró níbẹ̀ jẹ́ ara àgbékalẹ̀ náà. Ẹni tí kò bá ka ìwọ̀nyí sí, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe. Ẹ̀kọ́ kan náà ni ó kan àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó ń gbé ìmọ̀ sórí ìkànnì.

Láti Orí Tábìlì sí Àtẹ́lẹwọ́

Kí fóònù GSM tó dé Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, àti fún ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, káfé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rí ayélujára. Iwájú ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n ń jókòó sí, wákàtí ni wọ́n sì ń rà. Ìkànnì ìgbà náà fẹ̀ bí ojú ẹ̀rọ náà ṣe fẹ̀. Nígbà tí fóònù gbapò, ojú ìwé ní láti sún kì. Opera Mini, tí ó jáde fún gbogbo ayé ní ọdún 2006, ń fún ojú ìwé pọ̀ kí ó tó dé orí fóònù, kí owó dátà lè dín kù. Ní ọdún 2010, Ethan Marcotte ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kalẹ̀ pé kí ojú ìwé kan ṣoṣo máa fẹ̀, kí ó sì máa sún kì, ní ìbámu pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a fi ń wò ó. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ṣùgbọ́n fífẹ̀ nìkan kọ́ ni ìwọ̀n. Ìwúwo náà ń bẹ. Ìkànnì tí ó bá ojú fóònù mu, tí àwòrán àti fídíò inú rẹ̀ sì ń jẹ dátà, kò tíì bá àpò akẹ́kọ̀ọ́ mu. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tí a ya fọ́tò rẹ̀ láti inú ìwé, tí a sì gbé sórí ìkànnì bẹ́ẹ̀. Ní ìlà kọ̀ọ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ ní láti máa fà á sọ́tùn-ún, kí ó tún fà á sósì. Ó dà bí ẹni tí ó wọ agbádá bàbá fún ọmọ ọwọ́.

Ta Ni Ó Ń Sanwó?

Ìdánwò JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2013. Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ń ṣe é. Yunifásítì NOUN, tí ó ń kọ́ni láti òkèèrè, ń gbé ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí ìkànnì. Nígbà tí àrùn Kòfíìdì ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù Kẹta ọdún 2020, fóònù di kíláàsì fún àwọn tí ẹ̀kọ́ wọn lè tẹ̀síwájú. Ní Ajégúnlẹ̀ gan-an, àjọ Paradigm Initiative ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Ajegunle.org ní ọdún 2007, láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ àti òwò ṣíṣe.

Àǹfààní gidi ni ìwọ̀nyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ti Ajégúnlẹ̀ lọ sí LASU ní Ọ̀jọ́, tàbí sí Ìjànikin, níbi tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Adéníran Ògúnsànyà ti di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2022, lè kàwé nínú ọkọ̀ bí ọ̀nà Badagry bá dí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo ẹni tí ó ń sanwó. Ní kíláàsì àtijọ́, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí ó pèsè pátákó, àga, iná àti ilé ìkàwé. Nígbà tí kíláàsì bọ́ sórí fóònù, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ra fóònù, òun ni ó ń ra dátà, òun náà ni ó ń wá iná kiri. A gbé ẹrù kúrò lórí ilé-ẹ̀kọ́, a gbé e ka orí ọmọ mẹ̀kúnnù, ẹnikẹ́ni kò sì kéde rẹ̀.

Èdè Yorùbá Nínú Ẹ̀rọ

Ìkọ̀wé, tí Weiser fi ṣe àpẹẹrẹ, ni a lè fi dán èrò rẹ̀ wò. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà àgbáyé fi ń tọ́jú lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní ààyè odidi. Ẹ̀rọ ní láti to àmì ohùn lé lẹ́tà lórí. Bí irú lẹ́tà tí olùgbékalẹ̀ yàn kò bá mọ̀ ọ́n tò, àmì yóò yẹ̀ kúrò láàyè rẹ̀, tàbí kí àpótí òfo jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a kúkú yọ àmì dànù. Bí a bá wá kọ "oko" ní Àpápá, ó lè jẹ́ ọkọ̀ tí ó kó ẹrù, ó lè jẹ́ ọkọ ìyàwó, ó sì lè jẹ́ oko àgbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka irú rẹ̀ lójoojúmọ́ yóò kọ ọ́ bí ó ṣe ń kà á. Bí ó bá di olùkọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fi kọ́ ọmọ.

Àgbálọgbábọ̀

Ó hàn gbangba pé ìṣòro tí ó wà nílẹ̀ kọjá àìtó ẹ̀rọ. Àwọn tí ó ń gbé ìkànnì kalẹ̀ àti àwọn tí ó ń darí ẹ̀kọ́ gíga ṣì ń fojú inú wo ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì, tí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ ní ṣíṣe. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó gba ìkànnì lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é, kí wọ́n dán an wò lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú ní àdúgbò bí Ajégúnlẹ̀. Kí àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà fúyẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì máa kà láìsí dátà; bí kíláàsì bá sì wà lórí fóònù, kí owó dátà wọ inú ìṣirò owó ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n pe ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá sí i nígbà tí wọ́n bá ń yan irú lẹ́tà, kì í ṣe lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí. Ìgbà tí a bá ṣe èyí ni ọmọ Ajégúnlẹ̀ yóò lè gbàgbé ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ yóò sì wà lórí ohun tí ó ń kà.