Ìwé Àwọn Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ìlú Paris: Ohùn Ta Ni A Ń Gbọ́?

Bí a bá dárúkọ sáà tí àwọn Faransé ń pè ní Moyen Âge níwájú akẹ́kọ̀ọ́, ọba, ajagun àti bíṣọ́ọ̀bù ni ọkàn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó hun aṣọ ọba ń bẹ, ẹni tí ó ṣe búrẹ́dì bíṣọ́ọ̀bù náà sì ń bẹ. Ìwé tí ó jẹ́ kí a rí wọn kedere ni Livre des métiers, tí Étienne Boileau, aṣojú ọba ní Paris, mú kí a kọ ní nǹkan bí ọdún 1268, nígbà tí Louis kẹsàn-án wà lórí ìtẹ́. Nǹkan bí 100 ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ni òfin wọn wà nínú rẹ̀, títí kan àwọn tí ń fi egungun àti ìwo ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó fún ìwé yìí níyì ni èdè rẹ̀. Látìnì ni àwọn akọ̀wé ìgbà náà sábà fi ń kọ òfin, ṣùgbọ́n Faransé tí àwọn oníṣẹ́ ń sọ lẹ́nu iṣẹ́ ni a fi kọ èyí. Nítorí náà ni orúkọ irinṣẹ́ àti orúkọ àbùkù iṣẹ́ kò fi parun. Èkejì, ìwé náà ń ṣọ́ ọwọ́ oníṣẹ́ nítorí ẹni tí ń rajà: ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni wọ́n ka iṣẹ́ òru léèwọ̀, wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ òru kò tó fún iṣẹ́ tí kò ní ẹ̀tàn nínú.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá sọ pé bí àwọn oníṣẹ́ Paris ṣe gbé ayé gan-an nìyí ń sáré jù. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ni wọ́n ka àṣà ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ kí aṣojú ọba lè fi àṣẹ sí i. Ẹ wo òfin àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà. Wọn kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lóru, àfi bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti ọba, ti ayaba, ti àwọn ọmọ àti arákùnrin wọn, tàbí ti bíṣọ́ọ̀bù Paris. Ṣé òru a máa mọ́lẹ̀ sí i nígbà tí wúrà bá jẹ́ ti ọba ni? Òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ kan náà ní àánú: ní ọjọ́ àjọ̀dún, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni ó ń ṣí, èrè rẹ̀ a lọ sínú àpótí ẹgbẹ́, wọ́n a sì fi bọ́ àwọn tálákà Hôtel-Dieu ní ọjọ́ Àjíǹde. Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà ni ó ń sọ oore ara rẹ̀.

Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ńkọ́? Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tí ń ran òwú ṣẹ́dà pẹ̀lú ìrànwú ńlá, ọmọ tí ó bá mú owó wá yóò lo ọdún 7, èyí tí kò lówó yóò lo 8. Ìwé náà ka ọdún, ó ka owó, kò bi ọmọ náà ní ìbéèrè kankan.

Àwọn kan kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. Àwọn alápatà, tí ẹgbẹ́ wọn lágbára púpọ̀ ní Paris, kò sí nínú ìwé náà. Àwọn obìnrin alágbàfọ̀ àti àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Inú ìwé owó-orí Paris ti ọdún 1292 ni a ti rí irú wọn, pẹ̀lú orúkọ wọn àti iye tí wọ́n san.

Àwọn àgbà ní agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ Faransé wá ìtẹ̀jáde Lespinasse àti Bonnardot ti ọdún 1879. Faransé àtijọ́ inú rẹ̀ yóò gba sùúrù, ṣùgbọ́n kí ó fi ìwé owó-orí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé Boileau yóò sọ ohun tí ọ̀gá pa láṣẹ fún un. Ìwé kejì yóò rán an létí àwọn tí ẹnikẹ́ni kò pè wá sọ̀rọ̀.